Kà Á Kí O Tó Kọ Ọ́: Bí Mo Ṣe Wá Ọpọlọ Ọkọ̀ Àna Mi Dé Ṣájà

Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti Ṣájà, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará Lọ́tò ní Mowé ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé ilé tó wà lọ́hùn-ún ga kan sánmà? Mo máa ń dáhùn pé ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó sì wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í rí sánmà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Mùfútàù ti tún gbé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dé. Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè mọ ohun tó ń bẹ níbẹ̀, kí ẹni tó bá sì ní èèyàn lọ́hùn-ún lè mọ ìdí tí onítọ̀hún fi máa ń dákẹ́ lórí fóònù.

Ríwáyà ni mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, Mowé ni mo ti ń jẹun. Wáyà ọkọ̀ ni mo kọ́, kí ọkọ̀ tó di ohun tó ní ọpọlọ. Àwa oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pe ọpọlọ yìí ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Irin pẹlẹbẹ kan ni, kò ju ìwé ńlá kan lọ, òun ló sì ń pàṣẹ iye epo àti iye atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì yóò mu, àti ìgbà tí yóò mu ún. Ẹ má rò pé ẹsẹ̀ yín ló ń fún ọkọ̀ òde òní lépo. Ẹsẹ̀ yín kàn ń ránṣẹ́ ni. Bíréènì ló ń gba iṣẹ́ náà, á rò ó wò, kó tó jẹ́ ẹ.

Ohun tí mo bàjẹ́

Àna mi, Bàbá Onípákó ní Ifọ̀, ní píkọ́ọ̀pù kan. Tòkunbọ̀ ni, ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti kó o wá. Pákó ni bàbá fi ń kó wá fún àwọn tó ń kọ́lé ní Mowé àti Ìbàfò. Nígbà tí wọ́n kú, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ló jogún ọkọ̀ náà pẹ̀lú iṣẹ́ pákó. Ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ. Bí ó bá tẹná báyìí, ọkọ̀ ti lọ. Ó máa ń sọ pé ọkọ̀ bàbá òun ń jẹ́ ìpè, pé bí òun bá pe bàbá nígbà ayé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń dáhùn, òun kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàfò fi fáìlì kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní bí a bá kọ ọ́ sínú bíréènì píkọ́ọ̀pù, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, á máa gun òkè pẹ̀lú ẹrù bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan. Mo fẹ́ fi ya ìyàwó mi lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ kí ìyá rẹ̀, mo so wáyà mọ́ ọkọ̀, mo kọ fáìlì náà wọlé. Mi ò ka èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sì tọ́jú rẹ̀ síbì kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan ni ọkọ̀ fi fò. Àbẹ̀kẹ́ yìn mí, mo sì gbà á. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú, ó ń gbóná. Nígbà tó yá, bí èèyàn bá tẹná, á kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè tó ń rò ó bóyá òun ni, kó tó gbéra. Lọ́jọ́ kan Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ bọ́ sí ẹsipírẹ́sì ní Mowé pẹ̀lú pákó lẹ́yìn ọkọ̀. Ó rí tírélà tó ń bọ̀ lókèèrè, ó mọ̀ pé àyè wà, ó tẹná. Ọkọ̀ dákẹ́. Tírélà fọn fèrè títí, ó yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, pákó mẹ́ta já bọ́ sójú títì. Nígbà tó délé, kò bú mi. Ó jókòó, ó ṣí gèlè rẹ̀ sórí itan, ó ní:

"Bàbá Ìbùkún, ọkọ̀ bàbá mi ò jẹ́ ìpè mi mọ́."

Mo wá fáìlì àkọ́kọ́ náà títí. Nọ́ńbà tó wà lára bíréènì yẹn yàtọ̀ sí ti gbogbo èyí tó wà ládùúgbò wa, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná ni. Ẹyọ kan tí mo rí tó jọ ọ́, nígbà tí mo kọ ọ́ wọlé, ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ fi kú fin-ín-fin-ín kí n tó rí i jí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ẹnì kan ń wá ríwáyà ní Ṣájà nílẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé n ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, n ó sì wá ọpọlọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bọ̀ wálé. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ìtìjú wà nínú ìrìn náà. Mi ò fẹ́ máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn. Ìbùkún ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí mo lọ.

Ọjọ́ tí mo di kọ́kọ́rọ́

Ohun tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ní Ṣájà ni ooru. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ló ń fẹ́ ẹ sí mi lára, mo yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ lé mi. Àdúgbò tí mo ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe ti ilé gíga. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló kún ún láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀, àwọn ará Pakísítáànì àti Íńdíà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èèyàn á kọjá lára èèyàn láàárọ̀, kò ní kí i. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá ti rí irùngbọ̀n funfun lágbọ̀n rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ fún, kí n fọwọ́ kanlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n rò pé mo sọ nǹkan nù ni. Bàbá kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bá mi wá a.

Wọ́n ní n lọ rí Ustádì, pé òun ni ọ̀gá mi. Inú mi dùn. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ ùstáàsì ni ọ̀gá, a ó máa ké Kùránì kí a tó mú iṣẹ́ ṣe. Mo wẹ̀, mo wọ jálàbíà funfun. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀, ará Pakísítáànì kan, wà lábẹ́ ọkọ̀, gírísì dé ìgúnpá rẹ̀, ó ń bú nọ́ọ̀tì kan tó kọ̀ tí kò tú. Lọ́hùn-ún, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí ni wọ́n ń pè ní Ustádì. Wọn ò retí kí onítọ̀hún mọ súrà kan.

Ó bi mí lórúkọ ní gẹ̀ẹ́sì wúruwùru. Mo ní Mùfútàù. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó rí i pè. Ẹnu yà mí, nítorí nílé, orúkọ Lárúbáwá la mọ̀ ọ́n sí. Bàbá Lárúbáwá kan tó bá ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá ló gbà mí sílẹ̀. Abú Sálímù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Bàbá Sálímù; àwọn náà máa ń fi orúkọ ọmọ pe bàbá, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, "Miftáhù?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ lẹ́yìn odi pé kọ́kọ́rọ́ ni orúkọ mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ́ ẹ, ààfáà tó sọ mí lórúkọ ò sọ fún mi. Ustádì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣábì ni kọ́kọ́rọ́ ní èdè tirẹ̀, tàbí bí ẹnu tèmi ṣe gbà á nìyẹn, Ṣábì sì ni mo ń jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Ṣábì, gbé èyí. Ṣábì, di èyí mú. Ṣábì, ó tó, lọ jẹun. Ní ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó pè mí ní Bàbá Ìbùkún àfi ohùn kan lórí fóònù.

Ìrẹsì tí kò ní òórùn

Ìrẹsì là ń jẹ lọ́hùn-ún. Ìrẹsì wọn gùn, ó funfun, kò lókùúta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró bí ẹni tó ń bínú sí èkejì. Wọ́n á da ẹran àti èròjà sí i, ó dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò ní òórùn tí mo mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí Ọ̀fàdà tí ẹ máa ń ráhùn òkúta inú ìrẹsì yín, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a kì í ṣiṣẹ́, mo máa ń dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí àwa mẹ́fà ń gbé, n ó dijú, n ó máa wá òórùn ọ̀fàdà tí Àbẹ̀kẹ́ ń sè lẹ́yìnkùlé, tó ń fi ewé eéran pọ́n. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rí i. Lọ́jọ́ mìíràn, òórùn ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó sùn sókè mi ló máa ń jẹ́ mi lóhùn.

Ohun tó ń tù mí nínú ni ọ̀rọ̀. Mo lọ ra èlò ọbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ní "basal", mo wo ọwọ́ rẹ̀, àlùbọ́sà ni. Ẹnì kan nàka sókè, ó ní "samá", mo gbójú sókè, sánmà ni. Bí Ustádì bá ń kùn pé a ti ń pẹ́ jù, mo máa ń gbọ́ wákàtí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń ráhùn ayé, mo máa ń gbọ́ dúníyàn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rí aṣọ ará ilé rẹ̀ tí wọ́n sá sórí okùn ẹlòmíràn. Inú mi á kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni àárò ilé á wá sọ mí, débi pé n ó pa àlùbọ́sà tì, n ó jáde lọ dúró síta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni èmi àti Àbẹ̀kẹ́ máa ń sọ̀rọ̀. Ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé. A ó sọ̀rọ̀ lé ara wa lórí, a ó sì tún dákẹ́ pọ̀, oníkálùkù á máa retí ẹnì kejì. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó máa ń ròyìn gbogbo nǹkan fún mi: ẹni tó kọ́lé, ẹni tó kó kúrò, bí èrò ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń lọ ṣe ìsìn ní Káńpù, eyín Ìbùkún tó yọ. Lọ́dún kejì, ó kù díẹ̀ káàtó. Á ní ṣé mo ti jẹun, n ó ní mo ti jẹun. Mo wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan bí ọkọ̀ ṣe wà.

"Ó wà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí," ó wí. "Tí mo bá ti tẹná, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tí mo bá ti ka ẹ̀ta, á gbéra. Kò sí wàhálà mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀."

Kí ọkàn mi lè balẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Kò balẹ̀. Ìyàwó mi ti kọ́ bí a ṣe ń dúró, èmi ni mo sì kọ́ ọ.

Ẹni tó kọ láìkà

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ àna mi fún Ustádì, mo rò pé á rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín orúkọ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó.

"Ṣábì, ẹni tó bá kọ láìkà, olè ni. Ó jí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kà á kí o tó kọ ọ́. Kódà bí ohun tó wà níbẹ̀ bá bàjẹ́, kà á, tọ́jú rẹ̀."

Ó kọ́ mi pé agbára àti jíjẹ́ ìpè kì í ṣe nǹkan kan náà. Agbára ni ohun tí ẹ́ńjìnnì lè gbé. Jíjẹ́ ìpè ni bí ara rẹ̀ ṣe yá tó láti gbé e. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé píkọ́ọ̀pù wá, torí wọ́n fẹ́ lọ máa gun òkè iyanrìn nínú aṣálẹ̀, wọ́n á ní agbára làwọn ń fẹ́. Nígbà mìíràn Ustádì á yí ibi tí bíréènì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan, tí wọ́n bá ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kàn án, ọkọ̀ á ta kìjí. Wọ́n á padà wá dì mọ́ ọn pé agbára ti dé. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọn ì bá tẹ̀ jìnnà kí wọ́n tó rí, ni wọ́n ń rí bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ agbára gan-an, epo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lé, atẹ́gùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lé. Bí epo bá pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, kò ní jóná tán. Òun ló ń di èéfín dúdú, òun ló ń di ooru.

Ohun tí fáìlì Ìbàfò ṣe sí wa nìyẹn. Ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo tí kò lè jẹ tán. Èéfín dí i ní ihò imú, ooru ń pọ̀, bíréènì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa jóná. Ìdákẹ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ń kà yẹn, ẹ̀rù ló ń ba ọkọ̀.

Mo pa òwe wa kan fún Ustádì, pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní ohun tí bíréènì ń ṣe nìyẹn: bó ti wù kí ẹsẹ̀ ránṣẹ́ bí òmùgọ̀ tó, kí òun fọgbọ́n jẹ́ ẹ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní kí n kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀dà. Ó wà níbẹ̀ dòní, kò sì sẹ́ni tó lè kà á.

Nọ́ńbà bíréènì àna mi wà nínú àpò mi lórí bébà. Gbogbo ibi tí wọ́n ń tú ọkọ̀ àlòkù sí ni mo dé. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bá a mu, wọ́n á ti fọwọ́ kan inú rẹ̀. Èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, nọ́ńbà rẹ̀ á fi ẹyọ kan yàtọ̀. Bébà náà gbó, mo tún òmíràn kọ. Mo ti ń rò ó nínú ara mi bí n ó ṣe délé lọ́wọ́ òfo.

Kọfí Abú Sálímù

Lọ́dún kẹta ni Abú Sálímù, bàbá tó túmọ̀ orúkọ mi, ní kí n wá wo wáyà ẹ̀rọ tó ń fa omi lóko rẹ̀. Oko dàbínù ni, ó jìnnà sígboro. Mo tún wáyà ṣe tán, mo ń fọwọ́ ní ìdí igbá omi, ni mo gbójú sókè, mo rí i lábẹ́ igi. Píkọ́ọ̀pù Bàbá Onípákó ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, koríko ewúrẹ́ ló kún ẹ̀yìn rẹ̀ dípò pákó. Mo tọrọ àyè, wọ́n ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi bébà mi wé e. Kò sí ẹyọ kan tó yàtọ̀. Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ wa; èyí kò dé ṣọ́ọ̀bù wa rí nítorí kò bàjẹ́ rí, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì kan ọpọlọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ín wà lójú mi láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí n tó jókòó, nítorí wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n sì ti gbé kọfí wá. Ife wọn kéré, kò ju ìdérí ìgò lọ, kọfí náà sì korò bí ewúro. Bàbá bu tèmi, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún tán. Wọ́n tún bù ú, mo mu ún tán. Wọ́n tún bù ú. Báwo ni n ó ṣe kọ ohun tí àgbàlagbà bù fún mi? Mo ń mu, wọ́n ń bù, àyà mi ń já lù kìkì, mi ò mọ̀ bóyá kọfí ni tàbí ohun tó wà lábẹ́ igi. Àbúrò Sálímù, ọmọ tó bá bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí, ló wá sún mọ́ mi nígbẹ̀yìn, ó ní bí èèyàn bá ti yó, ńṣe ló ń mi ife. Bí n ò bá mì ín, bàbá òun náà kò lè dáwọ́ dúró, nítorí àlejò kò tíì yó. Àwa méjèèjì ni ọ̀wọ̀ ń pa láìmọ̀. Nílé wa, ta ni yóò mi ife mọ́ àgbà lójú?

Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn. Mo sọ ti Àbẹ̀kẹ́, ti bàbá rẹ̀, ti tírélà. Bàbá gbé ife sílẹ̀. Ó ní Sálímù àkọ́bí òun ti kú, pé inú ọkọ̀ yìí ló ti kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀. Ó bi mí pé bí mo bá mú ọpọlọ rẹ̀ lọ, kí ló máa kù sínú ọkọ̀ òun? Mo ní kíkà ni mo fẹ́ kà á, pé ohun tí èèyàn bá kà nínú ìwé ṣì wà nínú ìwé. Ó wojú mi.

"Kà á," ó wí. "Má kọ nǹkan kan sí i."

Kíkà náà pẹ́ tó àkókò tí a fi ń se ẹ̀wà. Bàbá ò kúrò. Ó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì, títí kọ̀ǹpútà fi sọ pé ó ti tán. Mo fi fáìlì náà sínú fíláàṣì, mo fi awọ dì í, mo so ó mọ́ ọrùn. Àwọn tí a jọ ń gbé rò pé tírà ni. Mi ò jiyàn.

Ilé

Ustádì kò fẹ́ kí n lọ. Ó ní àga mi á wà níbẹ̀, pé òun kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí i. Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún, òun náà sunkún, ó sì tún bú mi pé mò ń da omi sórí wáyà.

Ọjọ́ tí mo dé jẹ́ ọjọ́ tí èrò ń lọ sí Káńpù, ojú ọ̀nà sì dí, nítorí náà mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù sí Lọ́tò pẹ̀lú báàgì mi. Ilé ti kún ibi tí mo fi sílẹ̀ ní igbó. Mo bá Àbẹ̀kẹ́ níbi tó ń ka pákó fún oníbàárà. Ó rù díẹ̀. Ó ju pákó sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbùkún." Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe: mo wẹ̀yìn, mo ń wo ẹni tó ń kí. Ìbùkún jáde láti ẹ̀yìn pákó, ó ti di ọmọ ọdún méje, ó kúnlẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ ka ohun tó bàjẹ́ tó wà nínú bíréènì, mo tọ́jú rẹ̀, nítorí Ustádì. Mo fọ ibi tí èéfín dí. Lẹ́yìn náà ni mo tú awọ ọrùn mi, mo kọ fáìlì Abú Sálímù wọlé. Àbẹ̀kẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárì. Èmi kọ́ ni mo ní kó gbé e síbẹ̀.

A gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sí ẹsipírẹ́sì, ibẹ̀ yẹn gan-an. Ó dúró títí àyè fi ṣí sílẹ̀ dáadáa. Ó tẹná, ẹnu rẹ̀ ní "ení", ọkọ̀ ti dé àárín títì kó tó pe èjì. Ó kígbe, ó rọra fi ẹsẹ̀ sí bíréèkì, ó darí rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbórí lé sítíárì. Ẹkún ló ń sun. Ó ń sọ pé, "Ó jẹ́ mi. Ó jẹ́ mi." Èmi náà sunkún, ojú ò tì mí.

Mo rò pé ìrìn-àjò mi parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a jókòó lẹ́yìnkùlé, Àbẹ̀kẹ́ ń ṣa ìrẹsì. Ó pè mí, mo ń wo ibì kan. Ó tún pè mí. Fóònù dún, mo gbé e, ohùn Ustádì ní "Ṣábì!", mo ní "Mo wà ńbí!" kó tó pe bì tán. Ó ń béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ kò gbójú sókè nínú ìrẹsì.

"Ẹ̀ ń tètè jẹ́ Ṣábì," ó wí. "Bàbá Ìbùkún ni mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta fún."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti dé, ó ti ń kà á fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì bínú. Ó ti mọ̀ mí, bó ṣe mọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ní fáìlì, mo rí i lábẹ́ igi dàbínù. Èèyàn ò ní fáìlì.

Lọ́jọ́ kejì mo pe Ustádì, mo ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sórí àga mi. Ó ní ó dáa, Ṣábì. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí, pẹ̀lú ooru rẹ̀, bí mo ṣe wà níbẹ̀ tí àárò ibí ń sọ mí. Mo ti wá rí i pé ẹni tó bá ti lọ kò ní bọ́ lọ́wọ́ àárò mọ́. Ó kàn máa yan èyí tí á máa bá jókòó ni.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo wà tí mò ń kọ èyí. Òórùn ọ̀fàdà ti gba gbogbo àdúgbò, mi ò ní láti dijú wá a mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ń pè mí. Ó ti ka ení. Mo ti dìde.